Ọwọ́ Òsì Nínú Ijó Onílà

Aládùúgbò mi ní Dagenham, ìyá àgbà kan tó wá láti Áyálándì, ló kọ́ mi ní ijó kọ́ńtírà lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Mo ti ṣàlàyé ijó yìí fún ọ̀pọ̀ èèyàn, mo sì ti rí i pé ó dára kí n tètè tún èrò kan ṣe. Kì í ṣe ijó tí ẹnìkan ń bọ́ sí àárín agbo jó tí àwọn yòókù ń wò ó. Ìlà gígùn méjì ni a máa ń tò, a ó kọjú síra wa, ẹni tó dúró ní ọ̀kánkán rẹ ni ẹnìkejì rẹ. Ìwọ àti ẹnìkejì rẹ á bá ẹni méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín jó fún kíkà mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Bí ó bá parí, ẹ ti sún kúrò lọ́dọ̀ àwọn yẹn, ẹ ti dé ọ̀dọ̀ ẹni méjì mìíràn, ẹ ó sì tún un jó láti ìbẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ ó máa sún títí ẹ ó fi dé ìdí ìlà. Níbẹ̀, ẹ ó dúró sinmi fún ẹ̀ẹ̀kan, lẹ́yìn náà ẹ ó máa gòkè bọ̀. Ẹnìkan á wà lórí pèpéle tí yóò máa sọ ohun tó kàn fún gbogbo yín. Iṣẹ́ yẹn ni wọ́n ń pè ní pípe ijó.

Aládùúgbò mi ló máa ń pè é, nínú gbọ̀ngàn kékeré kan tí kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ tó wà ní Dagenham Village. Ó ti ń pè é tipẹ́tipẹ́, láti ìgbà tí àwọn ará Áyálándì pọ̀ ládùúgbò wa: àwọn tó ń ṣe títì, àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ mọ́tò. Àwọn kan ti kú, àwọn kan ti kó lọ sí etí òkun ní Essex, àwọn kan sì ti padà sílé. Nígbà tí mo fi máa dé ibẹ̀, àwa mẹ́jọ péré ló kù. Èèyàn mẹ́jọ kò tó ìlà. Bí a bá ti sún lẹ́ẹ̀mẹ́ta, a ti kan ògiri.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kan, ó pè mí sí kíṣìnì rẹ̀, ó ní òun ti ta ilé. Ọmọ rẹ̀ obìnrin fẹ́ mú un padà sí Áyálándì, kó lè máa wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìparí oṣù kẹta ni yóò lọ. Ó gbé páálí bàtà kan síwájú mi. Káàdì ló kún inú rẹ̀, ijó kan lórí káàdì kan.

"Mo fẹ́ ká ṣe ọ̀kan sí i kí n tó lọ," ó ní. "Orin Áyálándì nìkan. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni máa pè é. Ìwọ ni."

"Èmi kẹ̀? Ọdún mẹ́rin péré ni mo fi ń jó o. N kò pe ijó rí láyé mi."

"Ṣebí tíṣà ni ọ́? Ìgbà mélòó lo ti ní kí ọgbọ̀n ọmọ tò sórí ìlà? Kí ló tún kù?"

"Àwọn ọmọ yẹn kì í gbọ́ o."

"Àwọn tìrẹ yìí náà kò ní gbọ́. Nítorí náà, o ti mọ iṣẹ́ ọ̀hún."

Ó mú káàdì kan jáde nínú páálí náà, ó fi í sọ́wọ́ mi. Ijó tó fẹ́ràn jù nìyẹn. Ó ní láti ìgbà tí irun òun ṣì pupa, kí ewú tó bò ó, ni òun ti wà lórí pèpéle tí òun ń pè é fún àwọn ẹlòmíràn, òun kò sì tíì jó o rí nínú ìlà gígùn, láti òkè dé ìdí. Ìbàdí rẹ̀ ọ̀tún ti ń dà á láàmú. Dókítà ti sọ iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fẹ́ ṣe sí i lọ́hùn-ún tó bá dé, kò sì dá a lójú pé òun á tún jó lẹ́yìn rẹ̀.

Mo bi í pé ta ni yóò tò sórí ìlà gígùn náà. Ó kó àwọn káàdì yòókù padà sínú páálí. Mo gbọ́ tí ẹnu ara mi ń sọ pé, "Màá kó èèyàn wá."

Ẹni tó bá mọ̀ nípa ijó á sọ pé Améríkà ni kọ́ńtírà ti wá, kì í ṣe Áyálándì. Òótọ́ ni, aládùúgbò mi kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣì í sọ. Nọ́ọ̀sì ará Améríkà kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ló kọ́ ọ. Àmọ́ orin Áyálándì bá a mu bí ìdérí ṣe ń bá ìkòkò rẹ̀ mu: ìdá mẹ́rin ni orin náà, ìdá kọ̀ọ̀kan gba kíkà mẹ́rìndínlógún, àròpọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ mẹ́rìnlélọ́gọ́ta gẹ́lẹ́.

Mo ṣètò rẹ̀ bí mo ṣe máa ń ṣètò iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan fún kíláàsì. Ijó tó rọrùn jù ló ṣáájú, èyí tí èèyàn kò ní ṣe ju kó rìn, kó sì pàtẹ́wọ́. N kò fi ijó olóòyì méjì tẹ̀lé ara wọn, nítorí ojú tó ń yí kò lè gbọ́ràn. Tíì wà ní àárín. Lẹ́yìn tíì ni mo fi ijó aládùúgbò mi sí, nígbà tí orí wọn á ti mọ ọ̀nà, tí ẹsẹ̀ wọn kò sì tíì wúwo. Mo to tìn tòmátò mẹ́jọ sórí tábìlì, mo so rìbọ́ọ̀nù aláwọ̀ ewé mọ́ mẹ́rin kí n lè mọ ìlà kan yàtọ̀ sí èkejì, mo sì ń sún wọn kiri bí káàdì ṣe wí. Ohun tó ṣòro jù nínú pípe ijó ni pé ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ ṣáájú ẹsẹ̀. Bí o bá sọ pé "ẹ yí" ní àkókò tó yẹ kí wọ́n yí, o ti pẹ́. Kíkà méjì ṣáájú ni kí o ti sọ ọ́. Mo ń kọ́ èyí lábẹ́ ẹnu nínú bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Chadwell Heath lọ́jọ́ kan, ọkùnrin tó jókòó tì mí sì dìde, ó lọ wá ìjókòó mìíràn.

Gbogbo rẹ̀ lọ geere lórí tábìlì. Ṣùgbọ́n tìn tòmátò kò lọ́wọ́. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí n rí ohun tó ń bọ̀.

Inú ìjọ wa, ìjọ Aládùúrà tó wà ní Barking, ni mo ti lọ wá èèyàn. Ìyá tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ni a ń pè ní Màmá Ìjọ. Bí ó bá ní ká wá, a ó wá. Bí ó bá dìde, gbogbo wa la ó dìde. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ lẹ́yìn ìsìn, mo ro ẹjọ́ mi.

"Ijó òyìnbó?" ó ní. "Ṣé ọkùnrin á wá máa dì mí mú?"

"Rárá, mà. Obìnrin lè bá obìnrin jó o."

"Ṣé ọtí ni wọ́n máa fún wa mu?"

"Tíì ni, mà. Àti kéèkì."

"Tíì òyìnbó, tí mílíìkì inú rẹ̀ kì í tó nǹkan." Ó gbé Bíbélì rẹ̀ sí abẹ́ apá. "Ó dáa. A ó wá ran ọ́ lọ́wọ́."

Òun àti obìnrin mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló wá sí ìdánrawò lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Aládùúgbò mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń kà wọ́n bí wọ́n ṣe ń wọlé, inú rẹ̀ sì ń dùn bí ẹni tí wọ́n mú ọkọ̀ wá gbé nílé.

Ìṣòro kìíní kò le. Akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì kan wà nínú ìjọ wa, Barking níbí ni wọ́n bí i sí, ìyá rẹ̀ sì kọ́ ọ dáadáa. Gbogbo ìgbà tó bá ti sún dé ọ̀dọ̀ àgbà tuntun, á kúnlẹ̀ kí i. Àwọn ọ̀dọ́ yòókù rí i, àwọn náà bẹ̀rẹ̀ sí í kúnlẹ̀. Ìlà kò lè sún.

Aládùúgbò mi bi mí létí pé, "Kí ló dé tí wọ́n ń ṣubú?"

Mo dá orin dúró. Mo sọ fún wọn pé ìkúnlẹ̀ dára, n kò ní bá ẹnikẹ́ni wí nítorí rẹ̀, ṣùgbọ́n ijó yìí ní ìkíni tirẹ̀: kí orin tó bẹ̀rẹ̀, gbogbo èèyàn á tẹríba fún gbogbo èèyàn. Ṣé èyí kò tó? Màmá Ìjọ ní ó tó. Ó ní ìkíni tí wọ́n ṣe lẹ́nu ọ̀nà ti kárí gbogbo ilé. A tún bẹ̀rẹ̀.

Nígbà náà ni a dé orí ijó aládùúgbò mi. Mo ní, "Ẹ fún ẹnìkejì yín ní ọwọ́ ọ̀tún, ẹ yí." Wọ́n yí. Mo ní, "Ẹ fún ẹni ẹ̀gbẹ́ yín ní ọwọ́ òsì, ẹ yí." Akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì náà, tó ń gbọ́ràn sí mi lẹ́nu, na ọwọ́ òsì sí Màmá Ìjọ.

N kò ní ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ọwọ́ òsì fún ẹni tó ń ka èdè yìí. Ohun tó yẹ kí n ṣàlàyé ni bí èmi, tí mo ti fi ọdún mẹ́rin jó nínú gbọ̀ngàn yẹn, kò ṣe rí i tẹ́lẹ̀. Àwọn òyìnbó ni mo ń na òsì sí. Kò jọ mí lójú.

Màmá Ìjọ wo ọwọ́ náà bí èèyàn ṣe ń wo ẹja tó ti ṣe ọjọ́ mẹ́ta.

"Ta lò ń na òsì sí?"

"Mummy, kì í ṣe èmi o! Ẹ jọ̀ọ́. Mummy Tíṣà ló pè é."

"Ṣé Mummy Tíṣà ló tọ́ ọ?"

Àwọn obìnrin tó kù ti gbọ́. Kíá ni wọ́n ti fi òsì pamọ́ sẹ́yìn, wọ́n na ọ̀tún. Ọ̀tún sì ń yí èèyàn sí òdìkejì ibi tó yẹ kó kọjú sí. Láàárín kíkà mẹ́jọ, ìdajì ìlà ń lọ sókè, ìdajì ń bọ̀ nísàlẹ̀. Arúgbó kan nínú àwa mẹ́jọ ti tẹ́lẹ̀, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu wíwa bọ́ọ̀sì, fi ẹ̀yìn gbá ìyá akọrin wa kan, ó ní òun kò ní jàǹbá rí ní gbogbo ọdún tí òun fi wakọ̀.

Màmá Ìjọ kò rẹ́rìn-ín. Ó lọ mú kóòtù rẹ̀ lórí àga.

"Tíṣà, mo gbọ́ tìẹ," ó ní. "Ijó tó bá ní kí ọmọ na òsì sí mi, kí àwọn tó ni ín máa jó o. Èmi ń lọ sílé."

Kò tíì wọ apá kóòtù kejì tán tí mo fi ń gbọ́ tí àwọn obìnrin mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ń pa síìpù báàgì wọn.

Nígbà tí gbọ̀ngàn ti dá, mo sọ fún aládùúgbò mi pé ká yọ ibi ọwọ́ òsì yẹn kúrò. Ó mi orí. Ó mú mi lọ́wọ́, ó sì fi han mí pẹ̀lú sùúrù, bí mo ṣe máa ń fi ìyọkúrò han ọmọ tí kò yé. Bí ẹnìkejì mi bá ti jù mí sílẹ̀ ní ọwọ́ ọ̀tún, òsì nìkan ló ṣófo, òsì náà ló sì ń gbé mi yí ká lọ sọ́dọ̀ ẹni tó kàn. Bí a bá yọ ọ́, kò sẹ́ni tó máa sún kúrò níbi tó wà.

"O lè pe ijó mìíràn," ó ní. "Wọ́n á gbádùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ èyí tí mo ní." Lẹ́yìn náà ló sọ pé, "Kò burú. O gbìyànjú." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í to àga. Mo mọ ohùn yẹn. Ohùn tí èmi náà fi ń sọ̀rọ̀ fún òbí tí ọmọ rẹ̀ kò yege ni.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ sílé Màmá Ìjọ. Ó ń gbé nínú ilé tuntun ní àdúgbò Gascoigne ní Barking, lókè kẹrin, níbi tó ti ń rí i bí wọ́n ṣe ń wó àwọn ilé àtijọ́. Ó ń ṣa ẹ̀wà nígbà tí mo wọlé.

"Ẹ káàsán, mà."

"Káàsán, Tíṣà. Ṣé òsì lo tún fẹ́ fi kí mi ni?"

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo wá sọ gbogbo ọ̀rọ̀ aládùúgbò mi fún un, n kò fi ọ̀kan pamọ́: ilé tó tà, ìbàdí rẹ̀, ìlà tí kò jó nínú rẹ̀ rí láti òkè dé ìdí. Ọwọ́ rẹ̀ kò dúró lórí ẹ̀wà, ṣùgbọ́n ó ń gbọ́.

"Ó ti ta ilé pátápátá?"

"Ó ti tà á, mà."

"Àwọn ọmọ. Wọ́n á kàn máa kó wa kiri bí ẹrù." Ó ju òkúta kan sínú abọ́. "Nígbà tí o wà lọ́mọdé, tí nǹkan wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ, tí ìyá rẹ ní kí o gbé nǹkan fún òun, kí lo máa ń sọ?"

"Mo máa ń ní, 'Ẹ má bínú, mà, ọwọ́ òsì ni.'"

"Ṣé ó lù ọ́?"

"Rárá, mà."

"Ẹ̀hẹ́n. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi nínú gbọ̀ngàn yín? Ọ̀rọ̀ ọwọ́ kọ́ ló dùn mí. Ẹnu tí kò sọ nǹkan kan ló dùn mí."

Ojú tì mí. Mo ní kò burú, mà, n ó tọrọ àforíjì lórí pèpéle fún gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí ijó tó bẹ̀rẹ̀.

"Ṣé ìwọ lo na ọwọ́ ni? Ẹni tó bá na òsì sí àgbà ni kó tọrọ tirẹ̀."

"Ní gbogbo ìgbà, mà? Ìlà náà gùn o."

"Ṣé ẹnu máa ń rẹ̀ wọ́n tí wọ́n bá di fóònù mú?"

Mo délé, mo gbé káàdì náà, mo fi ẹsẹ̀ kà á ní kíṣìnì. Yíyí òsì gba kíkà mẹ́jọ. "Ẹ má bínú, mà" gba márùn-ún. Ó wọ inú rẹ̀, ó ṣẹ́ ku mẹ́ta fún èsì. Mo fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ara ijó náà, mo sì lọ fi han aládùúgbò mi. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "Ta ló ń sọ ọ́ fún ta?" Mo ní ẹni tó kéré ló ń sọ ọ́ fún ẹni tó jù ú lọ, ẹni tó jù ú lọ á dáhùn pé, "Kò burú." Ó lọ wá páálí bàtà rẹ̀, ó ní kí n kọ ọ́ sórí káàdì tuntun fún òun.

Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni a bẹ̀rẹ̀. Onífáólìn kan wá pẹ̀lú ọkùnrin kan tó ń fa àkọ́díọ̀nì bí alágbẹ̀dẹ ṣe ń fa ewìrì. Àwọn ọ̀rẹ́ aládùúgbò mi mẹ́jọ kan tún wá láti ọ̀nà jíjìn, nítorí náà èèyàn méjìlélọ́gbọ̀n ló tò: méjìméjì lọ́nà mẹ́rìndínlógún, láti ẹsẹ̀ pèpéle títí dé ẹnu ọ̀nà kíṣìnì. Mo kọ́ àwọn òyìnbó ní ọ̀rọ̀ náà kí a tó bẹ̀rẹ̀. Mo tún ohùn wọn ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́rin, mo wá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ijó àkọ́kọ́ dára. Èkejì, mo pe ohun kan pẹ́, wọ́n forí gbárí, wọ́n rẹ́rìn-ín. A mu tíì. Màmá Ìjọ da mílíìkì sínú tirẹ̀ títí ó fi funfun.

Lẹ́yìn tíì, aládùúgbò mi bọ́ sí òkè ìlà. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì yẹn ni ẹnìkejì rẹ̀. Màmá Ìjọ wà ní àárín, òun àti akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì. Mo ka mẹ́rin fún onífáólìn, orin bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀tún, wọ́n yí. Òsì. "Ẹ má bínú, mà." "Kò burú." Gbogbo gbọ̀ngàn ló ń sọ ọ́ pọ̀, bí ègbè orin nínú ìsìn. Àwọn òyìnbó ò fẹ́ ṣe àṣìṣe, nítorí náà wọ́n ń sọ ọ́ fún ọmọdé àti àgbà. Ìlà ń sún. Mo wo aládùúgbò mi bó ṣe ń kúrò lọ́dọ̀ ẹni kìíní, ẹni kejì, ẹni kẹta, tó ń jìnnà sí mi.

Ní ìgbà kẹfà, ó pàdé Màmá Ìjọ. Wọ́n na ọwọ́ òsì síra wọn, kò sì sẹ́ni tó fọwọ́ kan ti ẹnìkejì. Àwọn méjèèjì dúró. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń retí kí èkejì sọ ọ́.

"Ọmọ ọdún mélòó ni ọ́?" Aládùúgbò mi ló béèrè, sókè, láàárín orin.

"Mọ́kàndínlọ́gọ́rin," ni Màmá Ìjọ wí. "Ìwọ ńkọ́?"

Àwọn tó wà lẹ́yìn wọn ti ń kóra jọ. Mo sọ sínú makirofóònù pé, "Ẹ di ẹnìkejì yín mú, ẹ máa yí, ẹ má dúró!" Onífáólìn gbójú sókè wò mí. Mo na ìka kan sí i, ó sì tún ta ìdá tó ń parí lọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọgbọ̀n èèyàn ń yí lójú kan, wọ́n ń dúró de àwọn ìyá méjì.

"Mọ́kànlélọ́gọ́rin," ni aládùúgbò mi wí.

Màmá Ìjọ wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó wá tẹ orúnkún. N kò rí i kó tẹ orúnkún yẹn fún ẹlòmíràn rí àfi níwájú pẹpẹ. "Ẹ má bínú, mà," ó wí, ó na òsì sí i.

"Kò burú," ni aládùúgbò mi dáhùn. Ohùn rẹ̀ lọ sókè níbi tó yẹ kó wálẹ̀, n kò sì tún un ṣe. Wọ́n yí, wọ́n jùra sílẹ̀, ìlà tún bẹ̀rẹ̀ sí í sún.

Lẹ́yìn ìgbà kẹwàá mo pa ẹnu mọ́. Bí ẹsẹ̀ bá ti mọ ijó, ariwo ni ọ̀rọ̀ ẹni tó ń pè é jẹ́. Mo kàn ń kà. Ní ìgbà kejìlá, aládùúgbò mi ti ń tiro, ẹnìkejì rẹ̀ sì ti ń fi ọwọ́ gbé ìgùnpá rẹ̀. Mo ti kọ ọ́ sórí káàdì pé ní ìgbà kẹẹ̀ẹ́dógún, tó bá ti dé ìdí, kí orin dúró. Ohun tó ní òun fẹ́ nìyẹn.

Ó dé ìdí ìlà. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà kíṣìnì fún ìsinmi tí ijó fún un, àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Mo gbé ọwọ́ sókè láti fi han onífáólìn pé ẹ̀ẹ̀kan yìí ló kẹ́yìn. Aládùúgbò mi rí ọwọ́ mi. Ó mi orí, ó na ìka sí òkè ìlà, ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀.

Mo wo àwọn obìnrin wa. Òógùn ti bo ojú wọn, àwọn méjì ti bọ́ bàtà. Màmá Ìjọ ti gòkè dé ẹsẹ̀ pèpéle, òun náà ń dúró de àyè tirẹ̀, ó ń fi etí gèlè nu ọrùn. Ó ti rí ìka náà.

"Tíṣà," ó ní, "sọ ọwọ́ rẹ kalẹ̀."

Mo sọ ọ́ kalẹ̀. Ní ìdí ìlà, aládùúgbò mi di ọwọ́ ẹnìkejì rẹ̀ mú, ó kọjú sí òkè, ó sì tún wọ inú ìlà padà.